Wàrà Kíkan àti Ewébẹ̀ Àìsè: Ìlànà Ṣíṣe Ọbẹ̀ Yọ́gọ́ọ̀tì Nínú Ilé àti Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí Tí Ó Yẹ Ẹ́

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ètò náà fi hàn gbangba pé èdè Yorùbá lè gbé ẹrù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀ èdè kì í ṣe bóyá èdè náà lè ṣe é, bí kò ṣe bí yóò ṣe ṣe é láìṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè náà rí ni ó ṣòro jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí ní gbogbo ìgbà. Ọ̀rọ̀ tí kò sí rí ṣeé yá, ó sì ṣeé ṣẹ̀dá. Èyí tí ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ilé àti lọ́jà, tí wọ́n wá gbé iṣẹ́ mìíràn lé lórí láìkọ́kọ́ bi í bóyá ó lè ru ú.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó ilé ìdáná. Oúnjẹ kan tí ó rọrùn, tí kò gba iná púpọ̀, ni yóò jẹ́ àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí: ọbẹ̀ tí wọ́n fi yọ́gọ́ọ̀tì àti ewébẹ̀ àìsè ṣe, tí wọ́n ń ki káróòtì tàbí búrẹ́dì bọ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìlànà ṣíṣe rẹ̀ ní èdè Yorùbá yóò bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta pàdé lọ́nà: kan, tútù àti kòkòrò. Bí ó bá ṣi ọ̀kan nínú wọn lò, kì í ṣe gírámà nìkan ni yóò bàjẹ́. Inú ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà náà lè bàjẹ́ pẹ̀lú.

2.0 Ohun tí oúnjẹ náà jẹ́

Ní ilẹ̀ Gíríìsì, tzatziki ni orúkọ oúnjẹ yìí. Yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n ti sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, kùkúmbà rírin, aáyù, iyọ̀, òróró ólífì àti ọtí kíkan díẹ̀ tàbí omi ọsàn kíkan ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní ilẹ̀ Tọ́kì, wọ́n ń ṣe cacık, tí ó sábà máa ń ṣàn ju ti Gíríìsì lọ, tí wọ́n sì lè fi ṣíbí mu. Àwọn ará Íńdíà ní raita tiwọn, tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ta lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà yọ́gọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, láti inú èdè Tọ́kì ni ó ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ mọ́ kí nǹkan ki, kí ó má ṣàn mọ́.

Oúnjẹ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó gbé e ró kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní ti ń gbé nono kiri láti ìgbà pípẹ́. Haúsá ń pe èyí tí ó ki, tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀, ní kindirmo. Ní Ìlọrin àti ní agbègbè Òkè-Ògùn, wọ́n ń ta wàrà dídì tí wọ́n fi oje ewé bomubomu ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní wagasi ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wàrà dídì àti yọ́gọ́ọ̀tì kì í ṣe ọ̀kan náà. Oje bomubomu ni ó ń gé purotéènì inú wàrà gbígbóná tí ó fi ń dì. Nínú yọ́gọ́ọ̀tì, ásíìdì ni ó ń mú un dì. Olùkọ́ tí ó bá pe méjèèjì ní 'wàrà' láìfi ohunkóhun kún un ti pa ìyàtọ̀ pàtàkì kan rẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

3.0 Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú wàrà

Wàrà màlúù jẹ́ omi ní nǹkan bí ìdá 87 nínú 100. Nínú ohun tí ó ṣẹ́kù ni ọ̀rá, purotéènì àti ṣúgà wàrà wà. Ṣúgà wàrà súnmọ́ ìdá 5 nínú 100. Purotéènì ju ìdá 3 lọ díẹ̀, kaséènì sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ó tó ìdá 4 nínú 5.

Bakitéríà méjì ni ó ń sọ wàrà di yọ́gọ́ọ̀tì: Streptococcus thermophilus àti Lactobacillus bulgaricus. Wọ́n ń jẹ ṣúgà wàrà, wọ́n sì ń tú ásíìdì wàrà jáde. Wọ́n jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni: ohun tí ọ̀kan fọ́ sí wẹ́wẹ́ tàbí tí ó tú jáde ni èkejì fi ń dàgbà. Ìwọ̀n pH wàrà tuntun jẹ́ nǹkan bí 6.6. Bí ásíìdì ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n náà ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó bá dé nǹkan bí 4.6, kaséènì kò lè wà káàkiri inú omi mọ́. Yóò so mọ́ ara rẹ̀ bí àwọ̀n, yóò sì há omi àti ọ̀rá sáàárín. Ìyẹn ni wàrà fi ń dì láìsí pé iná kàn án ní àkókò náà.

Ìmọ̀ yìí pẹ́ kí ó tó pé. Ní ọdún 1780 ni Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilẹ̀ Súwídìn, rí ásíìdì náà nínú wàrà kíkan. Ní ọdún 1857 ni Louis Pasteur fi hàn pé ohun abẹ̀mí ni ó wà nídìí kíkan náà. Ní ọdún 1905, Stamen Grigorov, ọmọ ilẹ̀ Bùlùgéríà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Geneva, ṣe àpèjúwe bakitéríà tí ó wà nínú yọ́gọ́ọ̀tì ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí èyí ni orúkọ ilẹ̀ náà fi wà lára orúkọ bulgaricus. Elie Metchnikoff, ní Ilé-Ìwádìí Pasteur ní Paris, ni ó sọ ọ́ di òkìkí gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tí ó lè mú ẹ̀mí gùn. Ìrètí yẹn pọ̀ ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó dájú nìyí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni inú wọn kì í gba ṣúgà wàrà dáadáa. Wàrà máa ń fún wọn ní inú kíkùn àti ìgbẹ́ gbuuru. Nínú yọ́gọ́ọ̀tì, bakitéríà ti jẹ lára ṣúgà náà, wọ́n sì tún ń bá ikùn ṣiṣẹ́ lórí èyí tí ó kù. Nítorí náà ó máa ń rọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́rùn ju wàrà lọ. Bákan náà, ọ̀rá inú yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n fi odidi wàrà ṣe jẹ́ nǹkan bí ìdá 3 sí 4 nínú 100 kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, nígbà tí òróró máa ń kó ìdá 70 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú máyọnéèsì. Ibí yìí ni ire ọbẹ̀ náà wà. Kì í ṣe oògùn. Oúnjẹ tí ó dára ni.

4.0 Ìlànà ṣíṣe rẹ̀

4.1 Yọ́gọ́ọ̀tì. Wàrà lítà 1 ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ wàrà ẹlẹ́búlúbú ni ó wà nílé, wọn yóò po nǹkan bí gíráàmù 130 mọ́ omi lítà 1. Bí ó bá jẹ́ wàrà inú agolo tí kò ní ṣúgà, wọn yóò fi omi tí ó tó o lù ú ní ọgbọọgba. Wọn yóò gbé e kaná títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi dé 85°C, nígbà tí oruku yóò máa yọ lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì hó. Iṣẹ́ méjì ni iná yìí ń ṣe: ó ń pa àwọn kòkòrò àrùn, ó sì ń tún purotéènì tí ó wà nínú omi wàrà ṣe, tí yóò fi lè so mọ́ kaséènì. Yọ́gọ́ọ̀tì tí wàrà rẹ̀ kò gbóná tó báyìí a máa ṣàn.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò jẹ́ kí ó tutù dé 45°C tàbí 43°C. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná, ìka ọwọ́ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tó. Bí ìka bá lè wà nínú wàrà náà títí ẹni náà yóò fi ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹẹ́wàá, tí ó ń gbóná ṣùgbọ́n tí kò jó o, ó ti tó àkókò. Wọn yóò wá po ṣíbí ńlá 2 yọ́gọ́ọ̀tì àtẹ̀yìnwá mọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n tó dà á sínú ìyókù. Yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní ṣúgà, tí bakitéríà rẹ̀ sì wà láàyè. Èyí tí wọ́n tún gbé kaná lẹ́yìn tí ó ti kan, kí ó lè pẹ́ lórí àtẹ, kò lè ṣiṣẹ́ yìí. Bakitéríà inú rẹ̀ ti kú.

Wọn yóò dé e, wọn yóò fi aṣọ nípọn dì í, wọn yóò sì gbé e sínú kúlà tàbí fúláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò fún wákàtí 6 sí 8, láìmì ín. Bí ó bá ti dì, inú fìríìjì ni ó kàn.

4.2 Sísẹ́. Aṣọ funfun tí wọ́n ti sè nínú omi ni wọn yóò tẹ́ sínú asẹ́, tí wọn yóò da yọ́gọ́ọ̀tì lé. Láàárín wákàtí 3 sí 4 nínú fìríìjì, omi wàrà yóò ti ro jáde, ohun tí ó kù yóò sì tó nǹkan bí ìdajì. Omi wàrà náà kì í ṣe ohun dídànù; ó ṣeé fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

4.3 Ewébẹ̀. Kùkúmbà ńlá 1, tí wọ́n fi omi mímọ́ tí ń ṣàn fọ̀ dáadáa, ni wọn yóò rin bí ìgbà tí wọ́n ń rin ilá. Nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 kùkúmbà ni omi, nítorí náà bí wọ́n bá dà á sínú yọ́gọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ náà yóò di omi kí àlejò tó dé. Wọn yóò bu ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ sí i, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Iyọ̀ tí ó wà lóde yóò fa omi jáde láti inú ara kùkúmbà. Wọn yóò wá fún un gbẹ. Ẹni tí wọ́n bá ti kìlọ̀ iyọ̀ fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lè fi iyọ̀ sílẹ̀, kí ó kàn fi aṣọ fún kùkúmbà náà púpọ̀.

4.4 Pípò. Wọn yóò gún ọmọ aáyù 1 tàbí 2 kúnná, wọn yóò pò ó mọ́ yọ́gọ́ọ̀tì sísẹ́ pẹ̀lú kùkúmbà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ńlá 1 àti òróró ólífì ṣíbí ńlá 1. Àwọn ará Gíríìsì àti Tọ́kì a máa fi ewé míǹtì tàbí irú ewé olóòórùn mìíràn sí i. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ewé efinrin díẹ̀ tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ lè dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pọ̀, nítorí pé òórùn rẹ̀ lágbára. Lẹ́yìn wákàtí 1 nínú fìríìjì, adùn aáyù yóò ti ràn yí ká. Káróòtì, tàtàṣé àti kábéèjì tí wọ́n gé gbọọrọ ni wọ́n lè máa ki bọ̀ ọ́. Dùndún pàápàá bá a mu. Abọ́ dígí tàbí abọ́ tánganran ni ó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 3 sí 4 lọ nínú fìríìjì, kò sì gbọdọ̀ wà lórí tábìlì ju wákàtí 2 lọ.

5.0 Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń fa ìṣòro

5.1 'Kan'. Ọ̀rọ̀ yìí kò burú fúnra rẹ̀. Ògì kan kí ó tó di ẹ̀kọ tí ó dùn. Gàrí Ìjẹ̀bú kan, ìyẹn sì ni iyì rẹ̀. Omi orí ògì ni wọ́n ń pè ní omíkan. Àwọn mìíràn ń pè é ní omidùn, wọ́n sì ń fi rẹ egbò àti èèpo igi fún àgbo. Ó yẹ kí olùkọ́ ronú lórí orúkọ méjèèjì yìí: ọ̀kan sọ pé omi náà kan, èkejì sọ pé ó dùn, ohun kan náà sì ni. Ẹni tí ó fún un ní orúkọ kejì mọ̀ pé kíkan kì í ṣe ìbàjẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ilé bá ṣí ìkòkò ní òwúrọ̀ tí ó ní 'Ọbẹ̀ yìí ti kan,' kò sí ẹni tí yóò gbé abọ́ wá. Èdè ojoojúmọ́ ń fi ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí ya kíkan méjèèjì sọ́tọ̀: ti ògì dára, ti ọbẹ̀ burú. Wàrà ni ó há sáàárín. Ní ojúlé Fúlàní, kíkan rẹ̀ dára. Ní ojúlé tí ó jẹ́ pé wàrà inú agolo nìkan ni wọ́n mọ̀, kíkan rẹ̀ jẹ́ ìbàjẹ́. Atúmọ̀ èdè tí ó bá kọ ọ́ pé 'Mú wàrà tí ó ti kan' ti sọ fún ìyá kan pé kí ó lo agolo wàrà tí ó ti ṣí sílẹ̀ láti ìjẹta. Kò sì sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí ó kó sínú irú agolo bẹ́ẹ̀. Bakitéríà mìíràn wà, bí irú Staphylococcus aureus, tí oró tí ó ń tú sínú oúnjẹ kì í kú sínú iná, bí wọ́n tilẹ̀ tún oúnjẹ náà sè.

Nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí fi hàn pé ẹnì kan ni ó mọ̀ọ́mọ̀ mú nǹkan kan. Ìkan nìkan kò tó. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ó jọ 'ìkan' tí ó túmọ̀ sí ọ̀kan, nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn, ó sì lè di ikán tàbí ikàn. Ìmúkan ni ó yè kooro. Láti ara rẹ̀ ni amúkan ti lè jáde, gẹ́gẹ́ bí amúlétutù ti jáde, fún yọ́gọ́ọ̀tì díẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún kíkan tí ẹnikẹ́ni kò pète, èdè náà ti ní kasì, rà àti bàjẹ́. Kí wọ́n má ṣe fi kan dípò wọn nínú ìwé ìlànà.

Àwọn kan lè fẹ́ lo ìwúkàrà, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì ti sọ di mímọ̀ fún ohun tí ń mú búrẹ́dì wú. Kò yẹ níhìn-ín. Yọ́gọ́ọ̀tì kì í wú. Bí ó bá wú tàbí tí ó ń hó ṣùṣù, ohun abẹ̀mí mìíràn ni ó ti wọ inú rẹ̀, dídànù ni ó sì yẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa retí wíwú ń kọ́ ọ ní òdìkejì ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀.

5.2 'Tútù'. Ẹja tútù ni ẹja tí wọn kò yan. Omi tútù ni omi tí kò gbóná. Ewé tútù ni ewé tí kò gbẹ. Wàrà tútù wá ń kọ́? Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù, ó lè jẹ́ èyí tí wọn kò sè, ó sì lè jẹ́ èyí tí ó jáde láti inú fìríìjì. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Wàrà tí wọn kò sè lè gbé brucellosis tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù wọ inú ènìyàn. Bí ìlànà bá sọ pé 'Da amúkan sínú wàrà tútù,' tí òǹkọ̀wé sì ní wàrà tí wọ́n ti sè tí ó sì ti tutù lọ́kàn, òǹkàwé lè fi èyí tí wọn kò sè rárá ṣe é.

Ohun tí ó dára jù ni kí wọ́n yọ tútù kúrò nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ pátápátá. Wàrà àìsè, wàrà sísè, wàrà tí wọ́n sè tí ó sì ti tutù: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe kedere. Bákan náà ni ewébẹ̀ àìsè fi dára ju ewébẹ̀ tútù lọ níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan iná.

5.3 'Kòkòrò'. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn elétò ìlera ti ń kọ́ gbogbo ilé pé kòkòrò àrùn ni kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná lé lọ. Ẹ̀kọ́ náà ti wọlé, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Nígbà tí olùkọ́ bá wá sọ pé kí wọ́n se wàrà kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, tí ó sì tún sọ lẹ́yìn èyí pé kí wọ́n bu kòkòrò sí i, ọmọ tí ó bá ń ronú yóò béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni kò tọ̀nà.

Ó yẹ kí kòkòrò àrùn dúró síbi iṣẹ́ rere tí ó ti ń ṣe, kí ó má kọjá ibẹ̀. Ohun abẹ̀mí aláìfojúrí lè jẹ́ orúkọ gbogbo ẹbí náà. Fún ẹ̀yà tí ó kàn wá síhìn-ín, bakitéríà ni ó yẹ kí wọ́n yá. Àwọn tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò ní ìdí tiwọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ àyálò kì í sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀ níhìn-ín: ó wá láìru ẹ̀rù àtijọ́. Búrẹ́dì àti sítóòfù wọ inú èdè náà lọ́nà yìí, wọn kò sì ba nǹkan kan jẹ́.

5.4 'Ewébẹ̀'. Ewé ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Káróòtì kì í ṣe ewé, kùkúmbà sì jẹ́ èso lójú onímọ̀ ewéko. Síbẹ̀ kò sí ewu nínú kí ẹ̀kọ́ oúnjẹ fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, bí olùkọ́ bá sọ ọ́ jáde pé ìlò inú oúnjẹ ni, kì í ṣe ti ìmọ̀ ewéko. Ẹ̀fọ́ kò ṣeé fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti so mọ́ ewé tí wọ́n ń sè.

5.5 Orúkọ ọbẹ̀ náà. Wọ́n lè gbìyànjú láti sọ ọ́ ní orúkọ nípa bí wọ́n ti ń ri nǹkan bọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìbọ kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìrìbọmi, ẹ̀rín ni yóò sì fa nínú kíláàsì. Yorùbá kì í sì í sọ ọbẹ̀ ní orúkọ nípa bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é: ọbẹ̀ ilá, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ọbẹ̀ wàrà ti ní olówó, nítorí pé ọbẹ̀ tí wọ́n fi wàrà dídì sè ni. Ọbẹ̀ yọ́gọ́ọ̀tì ni ó kù, ó sì tó.

6.0 Àtẹ ọ̀rọ̀-ìperí

Ìmúkan: mímọ̀ọ́mọ̀ mú kí oúnjẹ kan nípa iṣẹ́ ohun abẹ̀mí aláìfojúrí tí wọ́n yàn.
Amúkan: oúnjẹ kíkan díẹ̀, tí bakitéríà rẹ̀ wà láàyè, tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìmúkan.
Bakitéríà amúkan: bakitéríà tí ń sọ ṣúgà di ásíìdì nínú oúnjẹ.
Kòkòrò àrùn: ohun abẹ̀mí aláìfojúrí tí ó ń fa àìsàn, òun nìkan.
Ṣúgà wàrà: ṣúgà tí ó wà nínú wàrà láti ara ẹran wá.
Ásíìdì wàrà: ásíìdì tí bakitéríà amúkan ń ṣe láti ara ṣúgà wàrà.
Kaséènì: purotéènì wàrà tí ó ń so mọ́ra bí ásíìdì bá pọ̀.
Omi wàrà: omi tí ó ń ro jáde lára yọ́gọ́ọ̀tì tàbí wàrà dídì.
Wàrà dídì: wàrà tí oje ewé bomubomu tàbí irú rẹ̀ mú dì lórí iná.
Yọ́gọ́ọ̀tì: wàrà sísè tí bakitéríà amúkan méjì tí wọ́n dárúkọ lókè sọ di kíkan tí ó sì ki.
Yọ́gọ́ọ̀tì sísẹ́: yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n ti yọ lára omi wàrà rẹ̀.
Wàrà àìsè: wàrà tí iná kò kàn, yálà ó tutù tàbí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ìkasì: oúnjẹ tí ó ti pẹ́ jù, tí kò yẹ fún jíjẹ.

7.0 Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì

Ife mẹ́ta tó fún ẹ̀kọ́ kan. Wàrà sísè ni yóò wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ife kìíní, olùkọ́ yóò fi amúkan sí i ní 45°C. Nínú ife kejì, kò ní fi ohunkóhun sí i. Nínú ife kẹta, yóò fi amúkan sí i nígbà tí ó ṣì wà ní 85°C. Wọn yóò dé wọn, wọn yóò sì gbé gbogbo wọn sínú kúlà kan náà. Kí àwọn ọmọ tó lọ sílé, kí oníkálukú kọ èyí tí ó rò pé yóò dì sílẹ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ife kìíní yóò ti dì. Ife kẹta kò ní dì, nítorí pé ìgbóná ti pa bakitéríà amúkan kí ó tó ṣiṣẹ́. Pépà lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ aró tí wọ́n bá tì bọ ife kìíní yóò di pupa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ ife kejì àti ìkẹta wò, ohun yòówù kí ó ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Bí ọmọ kan bá sọ pé ife kejì náà 'ti kan', àkókò tí olùkọ́ ń wá ti dé: kí ó bi kíláàsì léèrè ẹni tí ó mú un kan. Bí wọ́n bá dáhùn pé kò sí ẹni tí ó mọ̀, wọ́n ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìmúkan àti ìbàjẹ́, wọn kò sì ní gbàgbé rẹ̀.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àtẹ òkè yìí, díẹ̀ ni ó jẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n kàn dá ààlà fún. Iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe ọ̀rọ̀-ìperí kò pin sí ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ó tún jẹ́ mímọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan dúró sí tẹ́lẹ̀, kí ó tó rán an níṣẹ́. Ìdánwò tí ó rọrùn wà fún ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: kí wọ́n fún ẹni tí kò mọ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ ní ìlànà náà, kí wọ́n sì wo ohun tí yóò ṣe ní ìdí àdògán. Bí ó bá se wàrà rẹ̀ kí ó tó fi amúkan sí i, tí ó da èyí tí ó kasì nù, tí kò sì bẹ̀rù bakitéríà inú abọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìperí náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣe òdìkejì, kí wọ́n má dá a lẹ́bi. Kí wọ́n padà sí àtẹ ọ̀rọ̀ wọn.